Sáà Kejì fún Aṣojú Àkúrẹ́: Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ìwé Iṣẹ́ Kí Ìdìbò Abẹ́lé Tó Dé

Sí Kọmíṣọ́nà Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Sí Akọ̀wé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní Àbújá. Àti sí àwọn alága ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀dà kan yóò lọ sí ààfin Déjì ti Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin aláṣẹ,

A kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ọmọ Àkúrẹ́ tó ń gbé ní òkè òkun, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Houston àti Toronto, la kọ lẹ́tà yìí. Ìpàdé mẹ́ta la fi jíròrò lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àwọn kan sì bínú fi ìpàdé kejì sílẹ̀ kí a tó fẹnu kò. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àga ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin tó ń ṣojú Àríwá àti Gúúsù Àkúrẹ́. Ẹni tó wà lórí àga náà báyìí wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2023, gbogbo ìlú sì ń bi ara wọn bóyá yóò padà síbẹ̀ ní 2027.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò kọ̀wé láti sọ pé kí ó padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ó má padà. Ohun tó mú wa gbé kálàmù ni pé wọ́n ti ń béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ wa, a wá a títí, a kò rí ohun tí a lè gbé ìdáhùn náà lé.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin kan wọlé sínú ìpàdé wa orí Zoom láti Àkúrẹ́, ó ní àwọn alátìlẹ́yìn aṣojú ló rán òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ bóyá aṣojú fúnra rẹ̀ mọ̀ sí i. Iná lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí ìwé kan pé a fara mọ́ sáà kejì, kí a sì fi nǹkan kún owó fìlà àti ẹ̀wù tí wọn yóò pín nígbà ìpolongo. Bàbá kan wà nínú wa tó kúrò ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1984, tí gbogbo wa ń bu ọlá fún. Bàbá ní, “Ọmọ mi, kí ló ti ṣe níbẹ̀?” Arákùnrin náà ní ó ti ṣe púpọ̀. Bàbá ní kí ó ka mẹ́ta péré. Ó ka ẹ̀rọ omi, ó ka iná ojú títì tó ń lo oòrùn, ó wá dákẹ́, ẹ̀kẹta kò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn pè wá. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wa, títí kan owó fìlà. Bàbá yí ìbéèrè náà padà fún un, ó ní kí ni aṣojú tó wà níbẹ̀ kò ṣe. Òun náà ní ẹ̀rọ omi.

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín wá tán, a rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wa, àti àwọn tó bínú jáde àti àwọn tó jókòó, tó lè sọ iye ìgbà tí aṣojú wa ti sọ̀rọ̀ nínú Ilé, àbádòfin tó gbé wá, tàbí ìhà tó dìbò sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ńlá kan wà nílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti ṣe ju mẹ́ta lọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ṣe kò tó ìyẹn. Ìwé tí a lè fi mọ̀ ni a kò ní.

Bí àga mìíràn ni, bóyá a kì bá ti dààmú tó báyìí. Ṣùgbọ́n àga yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbóná lórí rẹ̀. Ní 2011, ẹgbẹ́ Labour, tí Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò fi ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ nígbà náà, ló gbé Ifẹ́dayọ̀ Abégúndé wọ Ilé Aṣojúṣòfin. Sáà náà kò tíì parí tí ó fi sọdá sí ẹgbẹ́ ACN, ọ̀rọ̀ sì di ẹjọ́ tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ dájọ́ ní 2015 pé ìjà tó wà nínú ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ nìkan kò tó ohun tí aṣòfin yóò fi gbé àga tí ẹgbẹ́ kan fi í jókòó sí lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn, àfi tí ẹgbẹ́ náà bá ti fọ́ láti òkè débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Títí di òní, ẹjọ́ yìí ni àwọn amòfin Nàìjíríà ń tọ́ka sí nígbàkigbà tí aṣòfin bá fò láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe orúkọ ẹjọ́ náà ni kò sì mọ̀ pé ìjà àga Àkúrẹ́ ló bí i.

Afẹ́ Olówóòkéré ti APC ló gba àga náà ní 2015. Ní 2019, Adédayọ̀ Ọmọláfẹ́ ti PDP gbà á, ṣùgbọ́n ó kú ní 2021, ìdìbò tí wọ́n fi dí àyè rẹ̀ ní 2022 sì gbé Máyọ̀kún Lawson-Aládé ti APC wọlé. Ní 2023, APC dì í mú, ṣùgbọ́n ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, aṣojú tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìdìbò gbogbogbòò mẹ́rin tẹ̀ léra, ẹni tuntun ló ń wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì wo àga Sẹ́nétọ̀ fún Àárín Gbùngbùn Oǹdó, tí Àkúrẹ́ wà nínú rẹ̀, ìtàn kan náà lẹ ó bá níbẹ̀: Ayọ̀ Akínyẹlúrè lábẹ́ Labour ní 2011, Táyọ̀ Aláṣọàdúrà lábẹ́ APC ní 2015, Akínyẹlúrè tún padà lábẹ́ PDP ní 2019, Níyì Adégbọ́nmire lábẹ́ APC ní 2023. Labour, APC, PDP, APC. Bí ọ̀kan ti ń lọ ni èkejì ń tẹ̀ lé e bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì.

Àwọn kan nínú wa ní gómìnà ló ń fa okùn náà. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, gómìnà tó wà nílé ti bọ́ sínú PDP ní ọdún tó ṣáájú, síbẹ̀ APC ló mú àga méjèèjì. Ní 2019, gómìnà ti di Rótìmí Akérédolú ti APC, PDP ló sì gbà á. Ohun tó bá àga yìí mu ní gbogbo ìdìbò gbogbogbòò láti 2015 ni ìbò ààrẹ, nítorí ọjọ́ kan náà ni a ń dì í pẹ̀lú ti aṣòfin àpapọ̀. Buhari borí ní Oǹdó ní 2015, APC wọlé. Ní 2019, Atiku Abubakar ti PDP rí 275,901 ní ìpínlẹ̀ wa, Buhari rí 241,769, PDP sì gba àga méjèèjì. Ní 2023, Bọ́lá Tinúbú rí 369,924, Atiku rí 115,463, APC sì gba àga méjèèjì. Ẹni tó bá dúró síbi tí ìjì ààrẹ ń fẹ́ sí, ìjì náà á gbé e wọlé, ẹni tó bá kọjú sí i, á gbé e lulẹ̀, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ kára tàbí ẹni tó kàn lọ gbatẹ́gùn ní Àbújá. Aláṣọàdúrà lo sáà kan, ó padà wá béèrè èkejì ní 2019, ìjì náà gbé e lọ, kí ọdún yẹn tó parí ìjọba àpapọ̀ sì ti fi í ṣe mínísítà. Ṣé àwọn olùdìbò wọn iṣẹ́ rẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé kò tó ni, àbí wọ́n kàn tẹ̀ka síbi àmì ẹgbẹ́ tí wọ́n tẹ̀ fún ààrẹ? A kò lè dá ara wa lóhùn, torí pé kò sí ohun tí olùdìbò lè gbé sórí ìwọ̀n nígbà náà, kò sì sí nísinsìnyí.

Kí ẹ má sì rò pé Àkúrẹ́ jẹ́ ìlú tí wọ́n kàn máa ń dà bí agbo ẹran. Ní ìdìbò gómìnà ọdún 2020, nígbà tí Akérédolú mú ìjọba ìbílẹ̀ 15 nínú 18, Gúúsù Àkúrẹ́ fún Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP, ọmọ ìlú, ní ìbò 47,627, ó sì fún Akérédolú ní 17,277. Àríwá Àkúrẹ́ náà fún Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 12,263, ó fún Akérédolú ní 9,546. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Lucky Ayédatiwa ti APC gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 pátá, àwa náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbò 366,781 sí 117,845 ti Agboọlá Àjàyí. Ẹni tó bá fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ pé ìlú ti di ti ẹgbẹ́ kan títí láé ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ènìyàn 2,053,061 ló forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò 2024 yẹn, bí a bá sì ro ìbò ẹni kìíní àti ẹni kejì pọ̀, kò pé 500,000. Àwọn tó jókòó sílé pọ̀ ju àwọn tó jáde lọ lọ́nà tó jìn. Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ kù sí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí wọn yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi wá bí nǹkan ti rí fún aṣojú yìí, èrò wa nìyí. Bí APC ti wà ní Oǹdó báyìí, tí ààrẹ tó wà lórí oyè sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tó fẹ́ padà sípò, ìjì náà lè fẹ́ sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tó bá di tíkẹ́ẹ̀tì APC mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà òṣèlú tó kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ ADC ní 2025 náà kò ní sùn. Àmọ́ nígbà tí ìdìbò gbogbogbòò bá ti rọrùn fún ẹgbẹ́ kan, ìdìbò abẹ́lé ló ń di ìdìbò gidi. Ibẹ̀ ni àga náà yóò ti wọ́ tàbí dúró, lọ́wọ́ ènìyàn tí kò pọ̀, nínú pálọ̀ kan ní Alágbàká tàbí ní Àbújá, kí ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba tó gbọ́ pé ìpàdé kan tilẹ̀ wáyé. Ewu tó dojú kọ aṣojú tó ń lo sáà àkọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ti ọjọ́ ìdìbò lọ. Wọ́n lè yọ ọ́ torí pé kò tẹrí ba tó, wọ́n sì lè dá a padà torí pé ó tẹrí ba jù. Kò sí èyí tó kan àwọn tó ń ṣojú fún nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Àríwá àti Gúúsù gan-an ló lé àwọn kan jáde nínú ìpàdé wa kejì. Àwọn ọmọ Ìta-Ògbólú, Ìjù, Ọ̀bà-Ilé àti Ògbèsè ní àkókò ti tó kí wọ́n fún ẹni tiwọn ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ gan-an fèsì pé sáà kan kò tó fún ẹnikẹ́ni láti mọ ọ̀nà inú Ilé, ká tó wá sọ pé yóò rí nǹkan mú wá, àti pé àwọn ẹkùn tó ń dá aṣòfin wọn padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn ni ọmọ wọn ń di alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó. Òtítọ́ wà lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí nọ́ńbà 2020. Bí a bá ro ìbò ẹgbẹ́ méjèèjì tó léwájú pọ̀, Gúúsù dì 64,904, Àríwá dì 21,809. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni Àríwá. Èyí túmọ̀ sí pé olùdíje lè gba àga yìí láì fẹsẹ̀ tẹ Ìta-Ògbólú, ó sì lè lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ láì rántí ọ̀nà ibẹ̀. Tí ẹ bá ní kí àwọn ará Àríwá fara mọ́ sáà kejì fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ohun tó kàn wọ́n nínú sáà kìíní hàn wọ́n, ní abúlé kan sí òmíràn.

Ọ̀kan nínú wa lọ sìnkú ìyá rẹ̀ àgbà ní agbègbè yẹn. Ibi tí wọ́n ti ṣe òkú náà kò jìnnà sí òpó irin kan tí wọ́n gbé táǹkì dúdú méjì lé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ olóṣèlú kan sí lára. Òjò ti fọ ibi tí wọ́n kọ ipò rẹ̀ sí, orúkọ nìkan ló kù. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀. Ó ṣí èkíní, afẹ́fẹ́ ló fọn jáde. Ó ṣí èkejì, kò yí. Ọmọbìnrin kan tó gbé garawa lọ́wọ́, tó ń lọ sí kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, dúró wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò ló yọ omi gbẹ̀yìn.” Ọkọ̀ táńkà ni wọ́n ti ra omi tí àwọn alásè fi se ìrẹsì ìsìnkú. Orúkọ tó wà lára táǹkì náà kò ṣe pàtàkì fún lẹ́tà yìí, a kò sì ní kọ ọ́. Ohun tó ká wa lára ni pé kò sí ẹnì kan ní àdúgbò tó lè sọ ẹni tó san owó rẹ̀, iye tó jẹ́, agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ ẹ, àti ẹni tí wọn yóò lọ bá pé ó ti bàjẹ́.

Kí ẹ tó dá wa lóhùn, a mọ̀ pé gbígbẹ́ kànga kọ́ ni iṣẹ́ aṣòfin. Ṣíṣe òfin, ṣíṣọ́ owó ìṣúná, àti bíbi àwọn mínísítà léèrè ni wọ́n rán an lọ ṣe. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ tó gba Ìta-Ògbólú àti Ìjù kọjá sí Ìkẹ́rẹ́ àti Adó-Èkìtì ti jẹ àwọn ará ilé wa níyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣojú kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọ̀dà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dìde nínú Ilé kí ó béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, ó sì lè wò ó bóyá owó rẹ̀ wà nínú ìṣúná tàbí wọ́n ti yọ ọ́. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó ní ọjọ́ tó ṣe é àti ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń pín ní gbangba ni gbogbo ènìyàn ń rí, òun ló sì fà á tí arákùnrin tó pè wá kò fi rí ẹ̀kẹta kà.

Ọ̀dọ̀ yín ni ìyókù wà, ẹ̀yin ọ̀gá wa tó jẹ́ Akọ̀wé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa, ní abala 63, ní kí Ilé kọ̀ọ̀kan jókòó fún ọjọ́ tí kò dín ní 181 lọ́dún. Abala 68 ní kí aṣòfin tó bá pa ìjókòó jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ láìsí ìdí tó yè kooro pàdánù àga rẹ̀. Òfin tó sọ báyìí ti gbà pé ẹnì kan ń ka wíwá àti àìwá àwọn aṣòfin. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà jáde. Kí ó sọ iye ọjọ́ tí aṣojú Àkúrẹ́ wá, àbádòfin àti àbá tó gbé wá àti ibi tí wọ́n parí sí, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó wà, àti ìhà tó dìbò sí níbikíbi tí wọ́n bá ti ka ìbò ní orúkọ ní orúkọ. Kí ó tún to iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n fi orúkọ ẹkùn wa kọ sínú ìṣúná lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú iye owó àti ojúlé tàbí abúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Àjọ ICPC, tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ń tọpa irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí láti 2019, nítorí náà a kò béèrè ohun tí a kò gbọ́ rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríátì ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, ẹ sì jẹ́ kí ó jáde kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé. Bí ó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìtàn ni yóò jẹ́. Aṣojú tó ṣiṣẹ́ kò ní ohun tí yóò pàdánù nínú èyí, ó tilẹ̀ yẹ kí òun gan-an kọ́kọ́ wá bá yín pé kí ẹ yára.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, a kò ní kí ẹ má fẹnu kò sórí ẹnì kan. A mọ bí ẹ ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ìdìbò ọdún 2022 ti sọ pé gbogbo àwọn tó ń díje gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn pé àwọn yọwọ́ kí wọ́n tó lè pè é ní ìfẹnukò, àwọn èèyàn wa ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfẹnukò àti ìfipágbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gba àga náà àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kí ìwé iṣẹ́ tí a béèrè yìí wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè. Bó bá jẹ́ pé ìyíká ipò láàárín Gúúsù àti Àríwá lẹ ó fi ṣe é, ẹ sọ ọ́ síta ṣáájú, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má baà máa náwó sórí ohun tí ẹ ti fún ẹlòmíràn nínú ọkàn yín. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń pè wá nítorí owó fìlà. A ó san owó ilé ìwé, a ó san owó oògùn, a ti ń ṣe é bọ̀. Fìlà ìpolongo kò sí nínú ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò tún dáwó fún, fún APC tàbí PDP tàbí ADC.

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà INEC, ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín kò gùn. Láti ìgbà tí àjọ yín ti ń gbé àwòrán èsì ibùdó ìdìbò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020, àwa náà ti ń fi fóònù wo ìbò ìlú wa láti ọ̀nà jíjìn. Ní alẹ́ ọjọ́ ìdìbò 2024, ọ̀pọ̀ wa kò sùn, a ń ka ìwé èsì wọ́ọ̀dù bàbá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2023, èsì ààrẹ kọ̀ kò gòkè lákòókò. Ní 2027, ti aṣòfin ni kí ó kọ́kọ́ dé, torí pé òun ni ojú ń fò jù. Ẹ tún gbìyànjú kí àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ rí káàdì ìdìbò alálòpẹ́ wọn gbà ní wọ́ọ̀dù wọn. Bàbá tó wà nínú wa yẹn rí èéfín oṣù kẹjọ ọdún 1983 pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ní Àkúrẹ́, nígbà tí FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Ọmọbóríowó ló wọlé gómìnà dípò Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin, tí iná sì jó ilé àti ènìyàn, kí ilé ẹjọ́ tó dá èsì náà padà. Kò fẹ́ràn kí a máa dárúkọ ọdún yẹn. Òun ló sì ní kí a kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí.

A mọ̀ pé àwa fúnra wa kò ní ìbò. Abala 77 òfin orílẹ̀-èdè ní ẹni tó ń gbé Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀ ló lè dìbò, nígbà tí wọ́n sì gbé àbá láti yí i padà wá ní oṣù kẹta ọdún 2022, Ilé méjèèjì dà á nù. A ó bá wọn fa ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìbò nílé ń fóònù wa. Ìyá ọ̀kan nínú wa ní Ìgòbà, tí kò pa ìdìbò kankan jẹ láti 1979, ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, “Ẹni tó wà níbẹ̀ yìí, ṣé kí n tún tẹ̀ka fún un?” Ọmọ náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, ó ní ìwé kan ń bọ̀ láti Àbújá. Ìyá ní kí a jẹ́ kí ó tètè dé, torí pé ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, wọ́n yóò sì fẹ́ kí ẹnì kan kà á fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ara wọn bá le.

Tiyín ní tòótọ́,

Alága àti Akọ̀wé,
ní orúkọ gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ tó pé jọ ní òkè òkun